Èsì: Gbígba ohùn ilé sílẹ̀ l'Ákùúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè fi ohùn àwọn ará àdúgbò yín l'Ákùúrẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà nípa ilé. Fóònù ọwọ́ yín ti tó. Ẹ ní kí ìyá àgbà ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, kó fi ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́ gan-an kì í. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba náà, kẹ́ ẹ gba ohùn àwọn Ígbò àti Ẹ̀bìrà tó ń tajà níbẹ̀. Lójú tèmi, ìlú tiwọn náà ni. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ìró ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 láìsọ̀rọ̀: òun lẹ ó fi bo ojú ibi tẹ́ ẹ bá ti gé ohùn nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó pọ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ gba ohùn wọn o, àwọn ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà sí etí wọn.