Ta Ló Ń Sanwó Fún Orin Tí Kò Ṣeé Kọ Tẹ̀lé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ fáyólìnì gbé orin kan fún mi gbọ́ lórí fóònù. Kò sí ohùn tí èèyàn lè kọ tẹ̀lé, kò sí ìlù. Ó ní *Atmosphères* ni orúkọ rẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ olórin ilé rédíò kan ní Jámánì ló kọ́kọ́ lù ú. Kí ló kan ilé rédíò nínú irú orin báyìí? Ta ló sì ń sanwó fún wọn?
– Bàbá kan, Kubwa, Abuja

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ ọ. György Ligeti ló kọ ọ́, ọmọ Hungary tó sá kúrò nílé lọ́dún 1956. Ní oṣù October 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ lù ú ní Donaueschingen, ìlú kékeré kan ní gúúsù Jámánì. Àwọn èrò ní kí wọ́n tún un lù, wọ́n sì tún un lù. Tí ọyẹ́ bá dé, tí ẹ ń kọjá ní Madalla, ẹ wo òkè Zuma: ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ ojú ò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe rí létí tèmi nìyẹn.

Ilé rédíò Südwestfunk ní ìlú Baden-Baden, ní Jámánì, ló ni ẹgbẹ́ náà. Ọdún 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ìjọba Nazi ti fi ọdún méjìlá pa ọ̀pọ̀ orin tuntun lẹ́nu mọ́. Heinrich Strobel, ọ̀gá ẹ̀ka orin níbẹ̀, pinnu pé àwọn tó ṣì wà láàyè tí wọ́n ń kọ orin ni òun máa ṣí ilẹ̀kùn fún. Ó mú Hans Rosbaud wá ṣe adarí lọ́dún 1948, Rosbaud ò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1962. Orin Messiaen àti ti Penderecki, àwọn méjì tó ń kọ orin tuntun nígbà yẹn, náà gba ọwọ́ wọn kọjá.

Owó rédíò ló ń bọ́ wọn. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ní rédíò ń san máàkì 2, owó Jámánì ìgbà yẹn, lóṣù. Ẹgbẹ́ ò dúró de ẹni tó máa ra tíkẹ́ẹ̀tì kó tó jẹun, nítorí náà wọ́n ráyè fi orin tó le kọ́ra títí á fi yanjú.

Àyè yẹn gan-an ni mo ń jowú. Mo kọ orin ìkórè kan fún ẹgbẹ́ akọrin wa ní Nyanya. Alẹ́ Sátidé nìkan la ráyè fi kọ́ra. Ọjọ́ ìkórè pé, ẹsẹ̀ kẹta tí ohùn mẹ́rin ti ń gba ara wọn kọjá ò tíì jọra, la bá fò ó. Títí dòní, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ náà rí. Ẹni tó kọ orin tí kò sí ẹni tó lù ú, inú ìwé ló sin ín sí.

Rédíò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ orin nílẹ̀ wa náà. Fela Sowande, tí wọ́n bí lọ́dún 1905, bá BBC ṣiṣẹ́ ní London kó tó wá di ọ̀gá orin ní ilé rédíò ìjọba wa. Ayo Bankole, ọmọ tí wọ́n bí sí Jos ní 1935, ṣiṣẹ́ ní ilé rédíò kan náà.

Lọ́dún 2016, wọ́n da ẹgbẹ́ Baden-Baden pọ̀ mọ́ ti Stuttgart kí ìnáwó lè dínkù. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá, ẹ ní kí ọmọ yín wá *African Suite* tí Sowande kọ ní 1944. Àwọn ohun èlò olókùn ló kọ ọ́ fún. Fáyólìnì rẹ̀ máa ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀.