Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Ni Omi Pupa Orí Àwo Yẹn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Ìyá Alásè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ gbé èmi àti ìyàwó mi lọ jẹun ọ̀sán Sọ́ńdè ní ilé oúnjẹ kan ní ìgbèríko Yorkshire, ní ilẹ̀ England, níbi tó jẹ́ pé ẹran tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sìn ni wọ́n ń sè. Kí a tó jókòó, wọ́n mú wa lọ wo màlúù ní pápá. Kò pẹ́ púpọ̀, ẹran dé, ó pọ́n yòò, omi pupa ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi tó lóyún oṣù márùn-ún kò fọwọ́ kàn án. Èmi gbé tèmi mì kàló nítorí ojú ọ̀gá. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ni? Ṣé àfojúdi ni kí n ní kí wọ́n dá a padà sórí iná? Ẹni tó ní odindi màlúù, níbo ló ń kó pọ̀nmọ́ rẹ̀ sí? Nígbà tí a ń lọ, mo fẹ́ ju pòtétò tó ṣẹ́ kù sí ẹlẹ́dẹ̀ wọn, agbáwo sáré dá mi lọ́wọ́ kọ́ bí ẹni pé májèlé ni mo mú dání. Kí ló dé? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìjẹ̀bú, o kú ìfaradà. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ní Devon, ẹran pupa yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi sílé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Odò-ẹran ni ẹ̀jẹ̀ ti ro tán. Omi ara ẹran ni, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní myoglobin ló pa á láró. Màlúù tí o kí ní pápá kọ́ lo sì jẹ o! Òfin kò gbà kí wọ́n pa ẹran lẹ́yìnkùlé kí wọ́n gbé e fún oníbàárà. Odò-ẹran tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń lọ, dókítà ẹran á yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e kọ́ sí yàrá òtútù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó lè rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí tìrẹ ti kú kí ọ̀gá rẹ tó ronú àtipè ọ́.

Ara ìta ni kòkòrò àrùn máa ń wà lára ẹran màlúù tí wọn kò tíì lọ̀, iná ààrò sì ń pa á níbẹ̀. Ẹran lílọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ti aláboyún tún yàtọ̀ pátápátá: NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ ẹran tí kò jinná, nítorí àrùn toxoplasmosis tó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ìyàwó rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ. Bá mi kí i.

Kì í ṣe àfojúdi rárá, ṣùgbọ́n nígbà tí o bá ń pàṣẹ oúnjẹ ni kí o sọ ọ́. Ẹran ńlá lódidi ni wọ́n ń sun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, etí rẹ̀ sì máa ń jinná ju àárín lọ. Sọ pé kí wọ́n gé ti etí fún ọ. Ní tèmi, n kì í bá màlúù wọn jà. Èjìká àgùntàn tí wọ́n fi iná jẹ́jẹ́ sè ni mo máa ń béèrè, pàápàá “hogget”, èyí tó ti lé ní ọdún kan. Òun ló jọ ẹran tí a mọ̀, ó lágbára lẹ́nu díẹ̀.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Àwọn tó ń ṣe bàtà ló ń ra awọ. Agbárí màlúù tó bá ti ju oṣù 12 lọ, ọpọlọ, ojú, gbogbo rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n bà jẹ́, nítorí àrùn wèrè màlúù. Àgùntàn tí a fi iná wì tawọtawọ bíi tilé, títà rẹ̀ lòdì sí òfin. (Ó dùn mí, má wulẹ̀ bi mí.) Ahọ́n, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ìrù ló kù. Mo fi ata rodo se ìrù fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ọ̀gá alásè fi búrẹ́dì nu ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn, ó ṣe èmi náà. Bókẹ́ẹ̀tì èèpo pòtétò ni mo gbé dé ẹnu ọgbà wọn kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ mi. Láti 2001 ni òfin ti ní kí ohunkóhun tó bá ti wọ ilé ìdáná má dé ẹnu ẹlẹ́dẹ̀, ì báà jẹ́ ewébẹ̀. Lọ́dún náà, àrùn ẹnu àti pátákò bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé àjẹkù tí wọn kò sè dáadáa fún ẹlẹ́dẹ̀ ní Northumberland ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ẹran tí wọ́n pa.

Bí ìyàwó rẹ bá bí tán, gbé e lọ sí Coombeshead Farm ní Cornwall, ilé oúnjẹ inú oko tí àwọn alásè Tom Adams àti April Bloomfield ṣí ní 2016. Ẹlẹ́dẹ̀ Mangalitsa ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, irun wọn ká bíi ti àgùntàn. Wò wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n jẹ pòtétò rẹ tán.