Ṣé gbogbo òrùlé Abẹ́òkúta ló lè gbé sólà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bọ̀dá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, Ásẹ̀rò ni mò ń gbé. Wọ́n ní ká ṣírò iye iná tí sólà lè fún wa tá a bá to páńẹ́lì sórí gbogbo òrùlé Abẹ́òkúta. Mo lo àwòrán ilé tí Google yà láti òkè, mo ro àyè òrùlé gbogbo pọ̀, àmọ́ nọ́ńbà tó jáde pọ̀ débi tí ẹ̀rù fi bà mí. Ibo ni mo ti ṣì í?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìṣirò ẹ ò burú, ojú sátẹ́láìtì nìkan lo fi wo ilé. Open Buildings, àkójọ àwòrán ilé Google tó o lò yẹn, dáa gan-an, á sọ bí ilé ṣe fẹ̀ tó, àmọ́ kò lè sọ fún ẹ pé páànù ti dógùn-ún àbí igi abẹ́ ẹ̀ ti ju. Gun Òkúta Olúmọ lọ́jọ́ kan tójú ọ̀run bá mọ́, kó o wo ìsàlẹ̀ dáadáa, wàá rí páànù pupa tó fẹnu kora wọn lọ súà, ilé tí bàbá bàbá ẹlòmíì kọ́. Ṣé gbogbo ìyẹn lo kà mọ́ ọn?

Jẹ́ ká mú ilé kan. Mítà 12 ní gígùn, 10 ní ìbú, square mítà 120 nìyẹn. Páńẹ́lì tó dáa ń mú bíi wáàtì 200 wá lórí square mítà kan tí oòrùn bá mú gangan, ó di kílówáàtì 24. Ká ní wákàtí 4 ni oòrùn fi mú dáadáa lójúmọ́, ká yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, ekuru, wáyà àti ínfátà, yúníìtì 72 lójúmọ́, ilé kan ṣoṣo! Ó yẹ kẹ́rù bà ẹ́ lóòótọ́. Wá gbé àkàbà síbẹ̀ báyìí. Tánkì omi wà ní kọ̀rọ̀ kan, máńgòrò aládùúgbò ń ṣíji bo apá kan látàárọ̀, etí òrùlé ò ṣeé lò, igun tó rí ṣóńṣó ò gba páńẹ́lì. Ó lè ku square mítà 40 péré. Páńẹ́lì wáàtì 550 tó gba bíi square mítà 2.6, tá a bá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn, 14 ló máa wọ̀ ọ́, kílówáàtì 7.7, yúníìtì 23. Ìyẹn ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta yúníìtì 72 yẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan páńẹ́lì yẹn tó bíi kílò 28, 14 ẹ̀ tó àpò sìmẹ́ǹtì 8 ká má tíì ka irin, kí o tún wá rántí ìjì tó máa ń ṣí òrùlé nígbà tójò bá ń bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ o. Ẹni tó bá mi gbé sólà tèmi sórí òrùlé ò tiẹ̀ wo inú àjà, ó kàn ń lu ìṣó ṣá, òjò àkọ́rọ̀ dé, abọ́ mẹ́ta la tò sí pálọ̀.

Ìwé tí wọ́n kọ fún ìlú bíi Jámánì á ní kó o pa òrùlé tó kọjú sí àríwá tì. Ìyẹn ò kàn wá tó bẹ́ẹ̀, digiri 7 péré la fi wà lápá àríwá ìlà agbedeméjì ayé, láti nǹkan bí àárín April títí dé ìparí August apá àríwá gan-an loòrùn máa ń wà lọ́sàn-án gangan, tórí náà má yọ ọ́.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi: màá mú bíi ilé 30 ládùúgbò àtijọ́, 30 l'Ọ́bàntókò, 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kútọ̀, kí n fojú ara mi rí iye tó ṣeé lò nínú wọn, kí n wá fi ìdá yẹn dín nọ́ńbà Google kù ládùúgbò kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà bí oòrùn ṣe ń mú tó níbì kọ̀ọ̀kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Global Solar Atlas àti PVGIS, wo ti August lọ́tọ̀ o, tórí ìkúùkuu. Má sì fojú di ilé ìwé, òrùlé wọn gùn, wọ́n sì ń lo iná lọ́sàn-án nígbà tóòrùn wà, ṣọ́ọ̀ṣì ní tiẹ̀ òfo ni látàárọ̀ Monday.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ o, ọmọ mi. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, ilé bàbá wa la ń gbé. Ẹni tó ń ta sólà ní páànù wa tó ti dógùn-ún ò ní wàhálà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ajé, màmá. Irọ́ ni. Páńẹ́lì lè lo ọdún 25, ṣé páànù yẹn lè dúró dè é? Ẹ ní kí káfíńtà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tajà o, wọ inú àjà kó fọ̀bẹ gún igi, tó bá wọlé wọ̀ọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún òrùlé ṣe ná. Ilé ẹbí sì ni, ẹ bá àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sọ ọ́ kí wọ́n tó gun òkè, ìjà òrùlé máa ń gùn. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ mọ ibi tóòrùn máa ń pẹ́ jù lágbàlá, ibi tẹ́ ẹ máa ń sá aṣọ sí yẹn náà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin ṣe àtẹ síbẹ̀, páńẹ́lì 2 tó fún gílóòbù àti fáànù, kẹ́ ẹ ṣáà ṣẹ́ àyè kù fún àdìrẹ.