"Má bínú" àti "dárí jì mí": ta ló ní ọ̀kan náà ni wọ́n?

Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Ó ní òun ná owó àjọ ìyàwó òun láìsọ fún un. Ó ti sọ "má bínú" lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó ṣì ní kò tíì tọrọ ìdáríjì. Olùkọ́ kan nínú ẹgbẹ́ tọkọtaya ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá ní ọ̀kan náà ni méjèèjì, pé Yorùbá ò fìyàtọ̀ sí i.

Irú àlàyé báyìí máa ń bí mi nínú. Yorùbá wo ni kò fìyàtọ̀ sí i? "Pẹ̀lẹ́" là ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ òkúta, bí kì í tilẹ̀ ṣe àwa la gbé òkúta síbẹ̀. "Má bínú" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n inú ẹni tí a ṣẹ̀ ló ń bá wí. Òun la tún ń gbé iṣẹ́ fún. Ẹni tó ṣẹ̀ ò tíì sọ ohunkóhun nípa ara rẹ̀. Alàgbà kan bà mí jẹ́ níwájú ìpàdé nígbà kan, ó wá ní, "Ẹ má bínú tó bá dùn yín." Tó bá dùn mí kẹ̀!

Ọ̀rọ̀ gbèsè ni ìdáríjì, bó ṣe yé mi nìyẹn. Ẹ ṣí Bíbélì Mímọ́ àtijọ́ sí Mátíù 6:12: "Dárí gbèsè wa jì wá." Ta ni yóò wá kọ́ Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀rọ̀ gbèsè? Iléṣà ni wọ́n bí mi sí, òṣómàáló sì ni bàbá tó bí bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ rò pé èébú ni, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn á ní, "Òṣó ni màá ló kí n tó gba owó mi."

Bàbá sọ fún wa pé òun lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kan ní Àkókó láti àárọ̀. Ìyàwó ilé bu omi wá: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bàbá, oòrùn yìí mà pọ̀." Bàbá mu omi, ó dá igbá padà, kò dìde. Ọmọ jáde: "Ẹ má bínú, bàbá mi ò sí nílé." Kò dìde. Nígbà tó dọ̀sán, baálé fúnra rẹ̀ yọ láti inú yàrá, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Ó ní aṣọ méjì lòun gbà, ṣílè mẹ́jọ ló kù, àìsàn ọmọ ló gbé owó lọ, kí bàbá ṣàánú òun. Bàbá ní òun ò mọ ìgbà tí òun dìde. Ó fi mẹ́rin jì í, ó gba mẹ́rin tó kù nígbà tí wọ́n ta kòkó. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni òwe náà tó yé mi.

Pétérù náà béèrè iye ìgbà tí yóò dárí ji arákùnrin rẹ̀, ìtàn onígbèsè ni Jésù fi kún èsì, Mátíù 18. Ẹni tó jẹ tálẹ́ńtì 10,000 ní kí ọba mú sùúrù fún òun, òun yóò san án. Sùúrù ló tọrọ o, kò tọrọ ìdáríjì! Ọba fi gbogbo rẹ̀ jì í. Nítorí pé kò gbà pé gbèsè òun ju agbára òun lọ, kò pẹ́ tó fi fún ẹni tó jẹ ẹ́ ní dínárì 100 lọ́rùn.

Nísinsìnyí, "sọ́rì" la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, sọ́rì. Ẹni tó jà ọ́ lólè, sọ́rì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ìyàwó yín ò le jù. Ó ti gbọ́ "má bínú" lẹ́ẹ̀mẹta. Iye tẹ́ ẹ mú nínú àjọ yẹn àti ohun tẹ́ ẹ fi ṣe ni kò tíì gbọ́ lẹ́nu yín.