Ìbọn Ojúde Ọba kò jí ọmọ mi

Ìyàwó wa tó kọ̀wé láti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ ní ọmọkùnrin yín ti pé oṣù 20, kò tíì pe "màmá", ìyá ọkọ yín sì ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà ní Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn. Mo gbà wọ́n gbọ́, mo sì fi ọdún kan ààbọ̀ ṣòfò.

Ọmọ mi ò ju oṣù 9 lọ nígbà tí mo pọ̀n ọ́n lọ sí Ojúde Ọba. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí àwọn ìdílé Balógun bá gẹṣin dé, tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń ké, èmi gan-an fọwọ́ dí etí. Tèmi ń sùn lẹ́yìn mi, kò tilẹ̀ mira. Ọkọ mi ní, "Ọmọ jagunjagun nìyí!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àṣé adití la fi ń yangàn.

Nílé, tí mo bá wọlé, á yíjú sí mi, ni mo bá ń búra pé ó ń gbọ́ràn. Òjìji mi ló ń rí. Tí mo bá pa ilẹ̀kùn dé gbàà, ilẹ̀ tó mì ló ń mọ̀ lára. Nítorí náà, ẹ má pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ kí ẹ wá sọ pé etí rẹ̀ dá ṣáká.

Etí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣé ibà pọ́njú ṣe é nígbà tí ẹ bí i? Ó ṣe tèmi gan-an, kò sì sẹ́ni tó ní ká padà wá yẹ etí rẹ̀ wò. Ibà pọ́njú tó bá le lè ba iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ jẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, torí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tì bọ etí kì í dé ibi iṣan yẹn. Ẹ̀rọ yẹn ló kọ́kọ́ tàn wá jẹ, ó ní kò sí nǹkan. Èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà rẹ̀ mọ́ ọmọ lórí nígbà tó bá sùn, ABR, ló tú àṣírí. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wọn. OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, ò jìnnà sí yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Tí etí bá dá, ẹ wá M-CHAT-R lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìbéèrè tí wọ́n fi ń wá àmì autism (kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn, kó ṣòro fún un láti bá èèyàn sọ̀rọ̀). Ọ̀fẹ́ ni. Ìbéèrè 20 ni, fún ọmọ oṣù 16 sí 30: tí ẹ bá nàka sí nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán, ṣé ó ń wò ó? Ṣé òun náà ń nàka láti fi nǹkan hàn yín? Kì í ṣe ìbéèrè yìí ló ń sọ pé ọmọ ní i. Dókítà ni kí ẹ gbé èsì rẹ̀ fún.

(Ẹni tó ní kí ẹ fi Yorùbá sílẹ̀, kí ẹ máa sọ Òyìnbó nìkan fún un, ẹ má dá a lóhùn. Èdè méjì kì í dá ọmọ lẹ́nu dúró.)

Ẹnì kan kọ̀wé sí wa láti Amẹ́ríkà, kò sì purọ́: lọ́hùn-ún, tí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 3, òbí lè pe àjọ tó ń rí sí i fúnra rẹ̀, wọ́n á sì yẹ ọmọ wò láìgba kọ́bọ̀. Níhìn-ín, ẹnu yín ló máa ṣe iṣẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, wọ́n á wọn ọmọ, wọ́n á gún un, wọ́n á ní ẹ máa lọ. Ẹ má tíì lọ.

Ìyá ọkọ yín ń kọ́? Ẹ má bá wọn jà. Èmi ní ọjà ni mo ń lọ, mo bá pọn ọmọ mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó wá fi ẹ̀rọ sí etí, tó lanu, "màmá àgbà" ló kọ́kọ́ pè. Ó ṣì ń dùn mí díẹ̀.