Má tíì ra tòkunbọ̀ oníbẹ́líìtì yẹn

Àbúrò, o ní owó tó o tọ́jú kò ju ti ọkọ̀ onírìmóòtù kan ṣoṣo lọ, o fẹ́ máa bá àwọn tó wà ní Gwarinpa, Àbújá, sáré ní ọjọ́ Sátidé, ẹnì kan sì fẹ́ ta tòkunbọ̀ oníbẹ́líìtì rẹ̀ fún ọ, èyí tí bẹ́líìtì ń yí táyà rẹ̀, tí ṣásí rẹ̀ (egungun abẹ́ ọkọ̀) sì jẹ́ carbon. O wá ń béèrè bóyá kó o gbà á, tàbí kó o ra TT-02 tuntun, ọkọ̀ oníke ti Tamiya táwọn kan ń pè ní ọkọ̀ ọmọdé. Ra ọkọ̀ ọmọdé, jàre.

Irú tòkunbọ̀ yẹn lèmi fi bẹ̀rẹ̀. Ó dùn-ún wò! Carbon dúdú tó ń dán bíi bàtà ṣọ́jà, bẹ́líìtì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gba àárín kọjá. Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọyẹ́ wọlé, eruku bo gbogbo ọ̀dà, òkúta kan tí kò ju hóró gàrí lọ kó sáàárín bẹ́líìtì àti gíà, ni eyín bẹ́líìtì bá ká bíi ti arúgbó. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì: ọkọ̀ méje ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó jọ tèmi. Mo ní kí wọ́n bá mi ra bẹ́líìtì mìíràn láti òkè òkun, ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní gbogbo ìgbà yẹn, iṣẹ́ mi ni kí n máa sáré lọ gbé ọkọ̀ ẹlòmíì tó bá dojú dé. Ìgbà tí bẹ́líìtì dé, n kò sáré tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi forí sọ ìdènà, apá tó di táyà iwájú mú sì kán. Wọn ò ṣe irú apá yẹn mọ́.

Látìgbà náà, àpótí àwọn tá a jọ ń sáré ni mo fi ń yan ṣásí. Bí nǹkan bá kán láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ta ló ní òmíràn tó lè yá mi? Nítorí náà, lọ síbẹ̀ ní Sátidé kan, má mú owó dání, kó o ka ọkọ̀ tó wà lórí tábìlì. Tó bá jẹ́ TT-02 ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. (Tó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ pupa ni wọ́n ti ń sáré, má rà á rárá, abẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́lẹ̀ jù. Irú Traxxas Slash tó ga nílẹ̀ ni kó o wá.)

Ọdún 2013 ni Tamiya ti Japan gbé TT-02 jáde. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi ni ìwọ̀n rẹ̀. Ike ni ṣásí rẹ̀, ó jìn bí ọpọ́n, ṣáàfù irin kan ló ń gbé agbára láti ẹ̀yìn dé iwájú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Wọ́n bo àwọn gíà rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó fara da eruku Àbújá.

Inú páálí ló máa ń wà, ìwọ fúnra rẹ lo máa tò ó. Àmọ́ ahun ni Tamiya nínú páálí yẹn. Òrùka ike ni wọ́n fi sí ibi tó yẹ kí bíárìn wà. Bí eruku bá ti wọ̀ ọ́, ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí táyà á fi máa mì. Ra bíárìn 16, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 11 mm, tí ihò rẹ̀ jẹ́ 5 mm, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, torí tó o bá ti tò ó tán, o máa tú u palẹ̀ pátápátá ni kó o tó lè pààrọ̀ wọn. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tú ti àbúrò ìyàwó mi. Ṣọkì inú páálí ò ní epo, ọkọ̀ á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. Táyà ló kàn, irú èyí tí wọ́n bá fọwọ́ sí níbẹ̀.

Sukudiráfà ńkọ́? Orí sukúrù Tamiya jọ oní-àgbélébùú tá a mọ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn ará Japan yàtọ̀ díẹ̀. Sukudiráfà ọjà lásán á họ orí rẹ̀ dànù, ó di kó o fi dírílì yọ ọ́. Wá èyí tí wọ́n kọ JIS (àmì ìlànà Japan) sí lára. Tó o bá ń so gíà motor pọ̀ mọ́ gíà ńlá, fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sáàárín wọn, tì wọ́n mọ́ra, dè é, kó o wá fa bébà jáde. Àyè tó yẹ kó wà láàárín wọn nìyẹn.

Bátìrì LiPo (oní lithium tó ń gba ṣáájì): má fi sínú búùtù nínú oòrùn oṣù kẹta. Tèmi wú bí búrẹ́dì. Tó ò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, má fi í sílẹ̀ ní kíkún, dá a dúró sí nǹkan bíi fóltì 3.8 fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ṣájà tó dáa ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Kó o tó sọ fún olówó tòkunbọ̀ yẹn pé o ò ní rà á, bi í ìgbà tí ọkọ̀ náà ti sáré kẹ́yìn, àti ohun tó kán lọ́jọ́ náà.