Ṣé Kí Màmá Mi Fi Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Sílẹ̀ fún Àgbo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 68 ni màmá mi, Ṣágámù ni wọ́n ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá alágbo kan ní kí wọ́n pa oògùn òyìnbó tì, pé ibì kan ṣoṣo ni dókítà ń wò, gbogbo ara ni àgbo ń tọ́jú. Wọ́n ti ń lo méjèèjì pọ̀ báyìí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe jẹ́ kí màmá dá oògùn ilé-ìwòsàn dúró, ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣíwọ́ àgbo náà ná, títí a ó fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Apòògùn tí ó ń bọ̀wọ̀ fún ìṣègùn ìbílẹ̀ ni mí. Òótọ́ ni pé gbogbo ara ni ìṣègùn ìbílẹ̀ ń wò. Oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kì í já ewé láìbéèrè bí aláìsàn ṣe ń sùn, ohun tí ó ń jẹ, ohun tí ó ń rò àti ẹni tí wọ́n jọ ń jà nílé. Ó lè ránṣẹ́ pe ẹbí kí wọ́n wá parí ìjà kí ó tó gbé ìkòkò kaná. Ọgbọ́n yìí ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo mú lò ní ilé-ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Àró, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, nígbà tí ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, tí àwọn aláìsàn ọpọlọ sì ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wo gbogbo ara kò ní ṣàì béèrè iṣẹ́ tí oògùn tí ó ti wà nínú ara náà ń ṣe.

Ẹ wo igi asofẹ́yẹjẹ. Egbò rẹ̀ ni àwọn àgbà fi ń mú ara wèrè balẹ̀, wọ́n sì ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Èròjà reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà pàápàá lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agbára tí ó ní yìí gan-an ni ewu rẹ̀. Bí màmá bá gbé oògùn mì láàárọ̀, tí wọ́n sì da ife àgbo asofẹ́yẹjẹ lé e, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù, kí òòyì sì gbé wọn ṣubú bí wọ́n ṣe ń dìde lórí ibùsùn. Kò sì sí ẹni tí ó lè fojú wọn èròjà inú ife kan, nítorí àgbo tí a tún sè lẹ́ẹ̀kẹta kò lè le bíi ti àkọ́kọ́.

Kán-ún náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ alágbo a máa jù ú sínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ sódíọ̀mù inú rẹ̀ a máa gbé ẹ̀jẹ̀ ru, bí iyọ̀ ti ń ṣe.

Nítorí náà, ẹ fi sùúrù bi ìyá alágbo ní orúkọ ewé àti egbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì béèrè bóyá kán-ún tàbí ọtí wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é, kí ẹ mú ìwé náà, páálí oògùn àti ìgò àgbo lọ bá dókítà. Àgbo tí ẹni tí ó sè é kò bá lè dárúkọ ohun inú rẹ̀, kí màmá má tọ́ ọ wò mọ́. Bí ẹnu wọn bá ṣàdédé wọ́, tí ọ̀rọ̀ wọn ń lọ́, tàbí tí apá kan kò gbéra mọ́, ẹ gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù yín níbẹ̀.

Ẹ tún bi màmá ní ohun tí ó sún wọn dé ìdí àgbo. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan a máa mú ènìyàn wúkọ́, òmíràn a máa mú ẹsẹ̀ wú, owó rẹ̀ sì lè wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá jẹ́ òótọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, nítorí oògùn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀ wà.